Kò sí "yame" nínú kéèjì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ gym wa ní Ìbàdàn sọ lọ́jọ́ Sátidé nìyí. Mo kàn tún un kọ díẹ̀ ni kó lè ṣeé kà, bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lórí ìdúró, ẹ má bínú, orí ìdúró náà ni mo wà.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ bá àwọn ọmọ yín wá, ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí tíréníìnì tí òógùn ò tíì gbẹ lára yín, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí, ilẹ̀ náà dáa, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gan-an la tiẹ̀ máa sọ lónìí.

Kóòṣì ní kí n dáhùn ìbéèrè kan táwọn ọmọ máa ń bi wọ́n lójoojúmọ́, pé ẹni tó ti ń ṣe kàrátè láti kékeré, ṣé ó lè fi ṣe MMA, ìjà inú kéèjì, àgò onírin yẹn, tí wọ́n ti ń lu èèyàn tí wọ́n tún ń gbé e lulẹ̀, àbí kó kúkú da aṣọ funfun yẹn nù kó lọ bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì àti jiu-jitsu, ìjà orí ilẹ̀, lákọ̀tun. Ó lè fi ṣe é jàre. Ó lè fi gba bẹ́líìtì àgbáyé pàápàá, àwọn kan ti gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí kàrátè máa fún un kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò. Wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ́ ni, wọ́n rò pé ìpá ni, àwọn míì rò pé igbe "kiai" yẹn ni. Irọ́ ni. Ẹ̀ṣẹ́ tó dáa ju tiwa lọ wà lọ́wọ́ àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, ìpá tó le ju tiwa lọ wà lẹ́sẹ̀ àwọn ará Thailand. Àyè àti àsìkò ni kàrátè ń kọ́ni, kó o mọ ibi tó yẹ kó o dúró sí tí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lù ẹ́ ò fi ní kàn ẹ́, kó o sì mọ ìgbà gan-an tó yẹ kó o wọlé tọ̀ ọ́. Maai làwọn ará Japan ń pe àyè yẹn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe Shotokan, ẹ̀ka kàrátè kan, nílùú yìí kí n tó mọ nǹkan tó ń jẹ́ MMA dáadáa, mo ti gba bẹ́líìtì dúdú, mo ti gba mẹ́dàlì, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní sensei, ìyẹn olùkọ́, orí mi sì ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Lọ́jọ́ kan ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ síbi táwọn kan ti ń ṣe MMA, wọ́n fún mi ní ọmọkùnrin kan tí ò ga ju èjìká mi lọ, ìjàkadì ló ń ṣe, wọ́n ní ká jọ ṣeré díẹ̀. Ó wọlé, mo fún un ní gyaku-zuki kan, ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn, láyà, gbìì! Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Mo wá ṣe ohun tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án: mo fà sẹ́yìn, mo nàró ṣánṣán, mo ń wo ẹ̀gbẹ́ pé kí rẹfirí fún mi ní póìntì mi. Rẹfirí wo? Kí n tó yíjú padà, ọmọ yẹn ti gbá itan mi méjèèjì mú, ó gbé mi bí àpò gààrí, ó fi mí lélẹ̀, fáànù òkè àjà ni mo rí. Ó wá jókòó lé mi láyà, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé kí n máa bá a lọ?"

Ẹ̀ṣẹ́ mi ò burú o, mo tún máa ń sọ fáwọn èèyàn. Àyè tí mo fi sílẹ̀ dáa, àsìkò mi péye. Ohun tó ṣe mí ni pé lọ́kàn tèmi, ìjà ti tán.

Ibo ni irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ti wá? Erékùṣù Okinawa ni kàrátè ti ṣẹ̀, Gichin Funakoshi ló gbé e wá sí Tokyo lọ́dún 1922, òun làwa Shotokan ń pè ní bàbá wa. Bàbá náà ò fẹ́ràn ìdíje rárá. Ọdún tó kú, 1957, ọdún yẹn náà làwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ní JKA, ẹgbẹ́ oníkàrátè kan ní Japan, ṣe ìdíje gbogbo Japan àkọ́kọ́ wọn. Òfin ayé ìgbà yẹn, ippon kan péré, ìjà ti parí, ẹ̀ṣẹ́ kan tó bá mọ́ gaara, kóńkó jabele, oníkálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Ẹ̀ṣẹ́ yẹn náà, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a dúró nígbà tó bá kù díẹ̀ kó wọra. Ẹ wá rò ó wò, tó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ló máa lé ẹ kúrò nínú ìdíje tó o ti fi oṣù mẹ́fà múra sílẹ̀ fún, ṣé wàá lọ dúró sí iwájú ẹni tó ń wá bó ṣe máa lù ẹ́? Wàá jìnnà sí i ni. Wàá máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lókèèrè, wàá máa ṣọ́ ọ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ eku, ìgbà tó bá fẹ́ mí sínú, ìgbà tó bá ń gbé ẹsẹ̀ tí ò tíì fi lélẹ̀, ìgbà yẹn lo máa já wọlé, wàá sì ti jáde kó tó mọ ohun tó lù ú. Òfin yẹn ló kọ́ wa ní àyè. Òfin yẹn náà ló kọ́ wa láti dúró lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́ kan. Lóde òní a ti ń ka póìntì, yuko 1, waza-ari 2, ippon 3, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni, tí ẹ̀ṣẹ́ bá ti wọlé, rẹfirí á ní "yame", ìyẹn ẹ dúró, oníkálukú á padà sí àyè ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Olympics Tokyo, August 2021, ìgbà àkọ́kọ́ tí kàrátè máa dé Olympics nìyẹn, wọ́n sì ti yọ ọ́ nígbà tó fi máa di Paris 2024. Àṣekágbá àwọn ọkùnrin tó wúwo ju kílò 75 lọ, Tareg Hamedi ọmọ Saudi Arabia ló ń ṣíwájú Sajad Ganjzadeh ọmọ Iran. Hamedi wá gbé ìpá kan sókè, Ganjzadeh ṣubú gbalaja, kò mọ ayé tó wà mọ́, wọ́n ní láti gbé e jáde. Ìgbà tó jí ni wọ́n wá sọ fún un pé òun ló gba góòlù. Wọ́n ní Hamedi lù ú le jù, wọ́n já ìjà gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Nínú kéèjì, Hamedi ni wọn ì bá gbé lọ́wọ́ sókè, ẹnikẹ́ni ò sì ní jiyàn. Mi ò sọ pé òfin yẹn burú o, ẹ̀yin òbí, òfin yẹn ló jẹ́ kí eyín àwọn ọmọ yín ṣì pé lẹ́nu. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá dàgbà sínú ẹ̀, ara ẹ̀ ti mọ̀ pé lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́, ìsinmi ló kàn.

Ìdí nìyẹn tójú fi ti kàrátè nígbà tí UFC, ìdíje MMA tó lókìkí jù, bẹ̀rẹ̀ ní Denver, November 1993. Royce Gracie, ọmọ Brazil kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ló ń dì mọ́ wọn, tó ń gbé wọn lulẹ̀, tó ń fún wọn lọ́rùn títí wọ́n á fi bẹ̀bẹ̀. Kò yẹ kó ya àwa lẹ́nu ṣáá. Àwọn tó ń ki oríkì Ọ̀fà pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá kanlẹ̀, gbogbo ẹnu tó ń sọ tẹ́lẹ̀ ti di òfo. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi oníkàrátè rẹ́rìn-ín. Chuck Liddell tó gba bẹ́líìtì UFC lọ́dún 2005, láti kékeré ló ti ń ṣe kàrátè Koei-Kan, àmọ́ ó tún ti ṣe ìjàkadì ní yunifásítì, ìjà ẹ̀ sì rí bí ìjà inú ọtí, kò sẹ́ni tó wò ó tó ní kàrátè nìyí.

Ẹni tó wá gba orúkọ wa là ni Lyoto Machida. Salvador ní Bahia ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1978, ìlú táwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé òrìṣà dé, tí wọ́n ṣì ń fi Yorùbá kọrin sí Ògún dòní, ìyẹn ò kan ìjà ẹ̀ o, mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni. Belém lápá àríwá Brazil ló dàgbà sí. Ọmọ Japan ni bàbá ẹ̀, Yoshizo Machida, ọ̀gá Shotokan tó wá ń kọ́ni ní Brazil. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Lyoto bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló gba bẹ́líìtì dúdú. Gbogbo wa la mọ ìyẹn, ibi tí a kì í kà dáadáa nínú ìtàn ẹ̀ ni pé ọmọ ọdún méjìlá ló bẹ̀rẹ̀ sumo, tó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó fi jiu-jitsu kún un. Sumo! Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kí ni sumo tí kì í bá ṣe ẹ̀kọ́ bí wọn ò ṣe ní tì ẹ́ ṣubú? Nígbà tó fi máa dé UFC lọ́dún 2007, oníkàrátè tí ilẹ̀ ò bà lẹ́rù ni. (Ó tún ní òun máa ń mu ìtọ̀ ara òun láàárọ̀, bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ. Ìyẹn ò sí nínú ẹ̀kọ́ tòní, ẹ máà dán an wò.)

May 23, 2009, UFC 98, Las Vegas. Rashad Evans ló ni bẹ́líìtì, ẹnikẹ́ni ò tíì na Evans rí, ẹnikẹ́ni ò tíì na Machida náà. Ìjàkadì ni Evans ṣe ní yunifásítì Michigan State, tó bá dì mọ́ ẹ, o wọ gàù. Ẹ lọ wo fídíò ẹ̀, kò rí nǹkan kan dì mọ́. Tó bá sún síwájú, Machida á ti wà ní ìgbésẹ̀ kan sẹ́yìn, tó bá dúró, Machida á dúró, tó bá wá gbé ẹsẹ̀ láti wọlé báyìí, ẹ̀ṣẹ́ á ti pàdé ẹ̀ lọ́nà. Ìjàkadì tó mọ̀ yẹn ò burú, àyè tó máa lò ó ni wọn ò fún un. Ráùndì kejì, ọwọ́ òsì wọlé, ó wá kan ibi tó dùn mọ́ mi jù: Machida ò fà sẹ́yìn. Kò wo rẹfirí. Ó tẹ̀ lé e, ọwọ́ lórí ọwọ́, títí Evans fi ká kò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì bí aṣọ tó já lórí okùn. Wọ́n gbé máíkì fún un, ó pariwo pé kàrátè ti padà dé. Èmi náà pariwo nínú yàrá mi, onílé mi kan ilẹ̀kùn.

Lọ́dún 2011, ní Toronto, níwájú èrò tó lé ní 55,000, ó pàdé Randy Couture, àgbà ọ̀jẹ̀, ẹni ọdún 47. Ó gbé ẹsẹ̀ kan bíi pé ó fẹ́ fi ta, ó fò, ẹsẹ̀ kejì ló fi gbá a lágbọ̀n. Couture ò jà mọ́ láyé ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Mae-geri, ìpá iwájú, ni o! Mae-geri lásán tí à ń tà lọ tà bọ̀ nínú dojo, ibi tí a ti ń kọ́ kàrátè, tẹ́ ẹ máa ń ráhùn pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tan yín jẹ. Oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn Evans ni Mauricio Rua tí wọ́n ń pè ní Shogun ti fi ibi tó ti ń jò nínú ilé wa han gbogbo ayé. Muay Thai, ìjà àwọn ará Thailand, ni ti Shogun. Kò lé orí Machida rárá, itan iwájú ló ń ta, pà, pà, pà. Ìdúró wa gùn, ẹsẹ̀ iwájú jìnnà sí tẹ̀yìn, ìyẹn ló ń jẹ́ ká lè já wọlé bí ọfà, àmọ́ ẹsẹ̀ tó wà níta gbangba yẹn ò rọrùn láti tètè gbé. Òfin ìdíje wa ò sì gbà kí wọ́n ta èèyàn nítan, a ò wá kọ́ ààbò ẹ̀. Ráùndì márùn-ún ni wọ́n jà, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Machida ní 48 sí 47, èrò hó lé wọn lórí. Ọmọ Shotokan ni mí, síbẹ̀ lójú tèmi Shogun ló jàre. Wọ́n tún pàdé ní Montreal, May 2010, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Machida já wọlé tààrà bó ṣe máa ń já wọlé, Shogun ti mọ ọ̀nà tó máa gbà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún pàdé ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó tán.

Ẹ fi tààrà yẹn sọ́kàn, torí ó tún máa padà wá. Ọmọ wa tẹ́ ẹ ti ń retí kí n dárúkọ ẹ̀, Israel Adéṣànyà, tí wọ́n bí sí Èkó, taekwondo ló fi bẹ̀rẹ̀ ní kékeré kó tó di pé wọ́n kó lọ, tó wá di ọ̀gá kickboxing ní New Zealand. Ẹni tí Adéṣànyà gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ ẹ̀ ní Melbourne, October 2019, ni Robert Whittaker, kàrátè Goju-ryu ni Whittaker kọ́ láti kékeré. Wíwọlé Whittaker yẹn, bí mànàmáná ni, ó ti fi pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu mọ́. Adéṣànyà kàn ń fà sẹ́yìn díẹ̀, orí ẹ̀ á kúrò níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ á sì kù síbẹ̀. Ó gbé Whittaker lulẹ̀ bí ráùndì kìíní ṣe ń parí, ó parí ẹ̀ ní ráùndì kejì. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Houston lọ́dún 2022, Whittaker ti gbọ́n, ó ń fi ìgbálulẹ̀ lú ẹ̀ṣẹ́, ó lo ráùndì márùn-ún pé, àwọn adájọ́ ló dá a lẹ́bi, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́.

Àléébù kan tún wà tí kì í hàn nínú dojo. Tí ẹni tó kọjú sí ẹ ò bá wá ńkọ́? Stephen Thompson, ọmọ South Carolina, kò sẹ́ni tó ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan bíi tiẹ̀, gbogbo nǹkan ẹ̀ kàrátè ni. Lọ́dún 2017, Tyron Woodley kàn fẹ̀yìn ti kéèjì ni, kò wá, ó ń dúró dè é. Àwọn méjèèjì dúró de ara wọn títí ìjà bẹ́líìtì fi di ìjà àwọn tó ń dú àga nínú mọ́tò. Woodley ló gbà á.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ Shotokan. Kyokushin ti Masutatsu Oyama, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá, wọ́n ń lu ara wọn gan-an, láìwọ ìbọ̀wọ́, láyà, níkùn, nítan. Ẹ̀ṣẹ́ sí ojú ni òfin wọn ò gbà. Itan ọmọ Kyokushin le bí òpó, ìpá Shogun yẹn ò bá má dùn ún, àmọ́ ó máa ń sún mọ́ èèyàn jù, ọwọ́ ẹ̀ sì máa ń wálẹ̀, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò gidi á kàn wá fọ̀ ọ́ lójú. Inú Kyokushin ni Georges St-Pierre ti jáde, ní Quebec, ọmọ ọdún méje ló bẹ̀rẹ̀ torí pé àwọn ọmọ iléèwé ń fìyà jẹ ẹ́. Bẹ́líìtì welterweight, bẹ́líìtì middleweight tó jẹ́ tàwọn tó wúwo jù wọ́n lọ, ó gba méjèèjì. Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹnì kan tó lo kàrátè bó ṣe yẹ jù, òun ni, Machida ò tó o, mo mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jà lórí ìyẹn.

Ìdí ẹ̀ ni pé kò ṣe ìjàkadì níléèwé rí, ó ti dàgbà kó tó kọ́ ọ. Síbẹ̀ lọ́dún 2007 ó ń gbé Josh Koscheck lulẹ̀, Koscheck tó gba ife ìjàkadì gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà. Báwo? Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Fífò tí oníkàrátè fi ń já wọlé láti lu èèyàn, òun náà ni fífò tí onígbálulẹ̀ fi ń wọlé dì mọ́ itan. Ibi kan náà ni wọ́n ti ń gbéra, àsìkò kan náà, ibi tí ọwọ́ ń lọ nìkan ló yàtọ̀. St-Pierre á na ọwọ́ òsì sí ọ lójú, o gbé ọwọ́ sókè, itan rẹ ló ti dì mú yẹn. Àwọn oníjàkadì mọ bí èèyàn ṣe ń gbéni lulẹ̀, àmọ́ wọn ò mọ ìgbà tó ń bọ̀, torí kì í fara hàn. Ọmọ tó gbé mi bí àpò gààrí yẹn, tí mo bá ti mọ̀ ni, èmi gan-an ni ǹ bá gbé e.

Ìyá kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé pé ọmọ òun, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ṣé kó kọ́ kàrátè ni àbí kó bọ́ sí MMA tààrà. Mọ̀mí, kàrátè ni, kí wọ́n má lù ú lórí nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kó máa jìjàkadì nínú yanrìn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ìyẹn ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà ńkọ́, ẹ má ju ẹsẹ̀ yín nù. Ẹ ju kata, àwọn ìgbésẹ̀ tí à ń dá ṣe láìsí alátakò, sí ẹ̀gbẹ́ kan fún oṣù mélòó kan, mo mọ̀ pé sensei yín máa bínú, ẹ ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé itan sókè fún ìpá, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kẹ́ ẹ máa padà lójú ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wọlé. Ẹ lo ashi-barai, gbígbá ẹsẹ̀ nígbà tí ìwúwo èèyàn ń bọ̀ lórí ẹ̀, Machida fi dá àwọn èèyàn tó wúwo bíi màlúù, inú kàrátè ló wà, ẹ kàn ti gbàgbé ẹ̀ ni. Tó bá wá di ti jiu-jitsu, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀, ẹ lọ kọ́ ọ.

Àmọ́ dídúró lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́ kan yẹn ló le jù láti yọ lára. Ọdún méjì ló gbà mí. Kó o lu èèyàn, kó o mọ̀ lára pé ó wọlé, kí gbogbo ara máa sọ fún ẹ pé ó ti tó, kó o wá má dúró. Mo gbìyànjú onírúurú ọ̀nà, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣiṣẹ́, ká kúkú ṣe é báyìí, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù.

Ẹ dìde. Oníkàrátè kan, oníjàkadì kan, ẹ mú ara yín ní méjì méjì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan sẹ́nu. Oníkàrátè ló máa kọ́kọ́ lù, ẹ̀ṣẹ́ kan, láyà, kó mọ́ gaara. Bí ẹ̀ṣẹ́ yẹn bá ṣe ń wọlé ni kí oníjàkadì ti máa bọ̀ wá gbá itan ẹ̀. Ìwọ tó o wọ aṣọ funfun lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo rí ọ, o ti ń wojú mi. Má wojú mi. Mi ò ní pe nǹkan kan.